Corolla Méjì, Ẹ́ńjìnnì Kan Náà: Kí Ló Mú Kí Ọ̀kan Máa Mu Epo Ju Èkejì Lọ?

Bàbá Ìbejì, Ìjàpò, Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ méjì kan wà nílé mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Méjèèjì jẹ́ Toyota Corolla ti ọdún 2006, Amẹ́ríkà ni méjèèjì ti wá gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE oní lítà 1.8 ló wà nínú wọn, jíà aládàáṣe oní-mẹ́rin sì ni wọ́n jọ ń lò. Èmi ń wa ọ̀kan lọ sí ibi iṣẹ́ ní Ọ̀wọ̀, ìyàwó mi sì ń wa èkejì káàkiri ìgboro Àkúrẹ́, láti Ìjàpò sí Alágbàka títí dé Ọjà Ọba. Ilé epo kan náà la ti ń ra epo. Síbẹ̀, bí a bá jọ kún táǹkì lọ́jọ́ kan náà, iná epo ti ìyàwó mi á ti máa tàn nígbà tí tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ìdajì. Mo mọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìgboro yàtọ̀ sí ọ̀nà tó já gaara, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ jù fún mi láti di gbogbo ẹ̀bi ru ìgboro.

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí owó lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 kọjá ₦500 kí ó tó tún máa gòkè sí i, kò sí ìdílé tó lè fojú kékeré wo irú nǹkan báyìí. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì tí mo bá sọ̀rọ̀ sọ kò bára mu: ọ̀kan ní kí n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, òmíràn ní kí n fọ nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ẹnì kan tilẹ̀ ní kí n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì pátápátá. N kò fẹ́ máa náwó sórí ohun tí kò dá mi lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Awakọ̀ Ọ̀nà Ọ̀rẹ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀ náà, Bàbá Ìbejì. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fi ọkọ̀ kó èrò láti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀rẹ̀, ohun tí mo sì kọ́kọ́ máa ń fura sí ni mítà ilé epo. Àwọn ilé epo kan wà tí lítà wọn kò pé. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì oní lítà 25 lọ síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ta lítà 25 gẹ́lẹ́ sínú rẹ̀, kí ẹ wo ibi tí yóò dé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó máa wo ẹ́ńjìnnì.

Olùkọ́ Físíìsì, Ọbà-Ilé

Òótọ́ ni awakọ̀ wa sọ pé ó yẹ kí ènìyàn la ojú sílẹ̀ nílé epo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mítà kò lè dáhùn ìbéèrè yìí. Bí ọkọ̀ méjèèjì bá ń ra epo níbì kan náà, ìrẹ́jẹ tó bá kan ọ̀kan yóò kan èkejì bákan náà. Kẹ́ẹ̀gì tí a ń pè ní oní lítà 25 pàápàá kì í ṣe òṣùwọ̀n, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gbà ju lítà 25 lọ bí a bá kún un dé ẹnu.

Bàbá Ìbejì, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wọn ọkọ̀ méjèèjì bí ó ti yẹ. Ẹ kún táǹkì títí ọ̀pá epo yóò fi dá ara rẹ̀ dúró nígbà àkọ́kọ́, ẹ má sì gbà kí ẹni tó ń ta epo tún máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kún un. Ẹ dá mítà ìrìn-àjò inú dáṣíbọọ̀dù padà sí òdo. Ẹ máa wa ọkọ̀ náà lọ títí epo yóò fi kù díẹ̀, kí ẹ padà sí ilé epo yẹn kan náà, kí ẹ tún kún un títí ọ̀pá yóò fi dá ara rẹ̀ dúró. Iye lítà tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì yìí ni epo tí ọkọ̀ náà lò fún gbogbo ọ̀nà tí mítà kà. Ẹ fi iye kìlómítà pín iye lítà, kí ẹ sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 100, ẹ ó sì mọ iye lítà tó ń lò fún 100 kìlómítà. Ẹ má fi ọ̀pá àfihàn epo inú dáṣíbọọ̀dù tàbí iná rẹ̀ ṣe ẹ̀rí, nítorí bí ọ̀pá náà ṣe ń sọ̀kalẹ̀ kò dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọkọ̀ méjì kì í sì í tan iná epo ní ìwọ̀n kan náà.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà nínú ìṣirò yìí. Máìlì ni mítà ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ń kà, máìlì kan sì jẹ́ kìlómítà 1.609. Kìlómítà ni ti Kánádà ń kà. Bí ẹ bá sì rí i kà níbì kan pé ọkọ̀ kan ń rin máìlì báyìí lórí gálọ́ọ̀nù kan, ẹ wádìí gálọ́ọ̀nù ta ni: ti Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ lítà 4.546, nítorí náà ọkọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá sọ pé ó ń rin máìlì 40 kò ju ẹni tó ń rin 33 lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní òdiwọ̀n kan tí ẹ lè fi wé tiyín. Nígbà tí Corolla 2006 oní jíà aládàáṣe jáde, ohun tí EPA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Amẹ́ríkà, kọ sí i lára ni máìlì 30 lórí gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà kan ní ìgboro àti 38 ní ọ̀nà jíjìn. Nígbà tó yá, bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ ọdún 2008, àjọ náà yí ọ̀nà ìdánwò padà, wọ́n fi éésì àti eré sísá àti òtútù kún un, wọ́n sì tún ti àwọn ọkọ̀ àtẹ̀yìnwá ṣírò. Corolla yìí wá di máìlì 26 ní ìgboro, 35 ní ọ̀nà jíjìn, àti nǹkan bí 29 bí a bá da méjèèjì pọ̀. Èyí túmọ̀ sí nǹkan bí lítà 9 fún 100 kìlómítà ní ìgboro, lítà 6.7 ní ọ̀nà jíjìn, àti lítà 8.1 ní àpapọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ọkọ̀ kan náà, tí kò ní àbùkù kankan, lè fi ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta mu epo ní ìgboro ju ti ọ̀nà jíjìn lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin àti màdáámú, ẹ pààrọ̀ ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí ẹ̀yin fúnra yín wa ọkọ̀ wọn lọ sí Ọ̀wọ̀ bí ẹ ṣe ń wa tiyín, pẹ̀lú éésì bí ẹ ṣe ń lò ó. Bí ìyàtọ̀ bá parẹ́, ojú ọ̀nà ló fà á, ẹ má náwó kankan. Bí ó bá tẹ̀ lé ọkọ̀ náà lọ, a jẹ́ pé ọkọ̀ ló ní àrùn.

Bàbá Ìbejì, Ìjàpò, Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, olùkọ́. A ti pààrọ̀ ọkọ̀, mo sì ti wọn méjèèjì lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe là á sílẹ̀. Tèmi lo lítà 38 fún máìlì 275, èyí tó jẹ́ lítà 8.6 fún 100 kìlómítà. Ti ìyàwó mi lo lítà 36 fún máìlì 185 péré, èyí tó jẹ́ lítà 12.1. Ọwọ́ kan náà ló wà wọ́n, ọ̀nà kan náà ni wọ́n rìn. Ọkọ̀ ló ní àrùn.

Nígbà tí mo ń wa tiwọn, mo ṣàkíyèsí àwọn nǹkan kan tí n kò lè rí tẹ́lẹ̀ nítorí pé èmi kọ́ ni mo ń wà á. Nínú ọkọ̀ tèmi, ọ̀pá tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn máa ń gòkè dé ìtòsí àárín láìpẹ́ lẹ́yìn tí mo bá kúrò nílé, ibẹ̀ ni yóò sì dúró sí títí mo fi máa dé ibi tí mò ń lọ. Nínú tiwọn, ó kàn gòkè díẹ̀ lórí àmì òtútù ni, bí mo bá sì ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ó tún ń padà sísàlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà máa ń ké ju tèmi lọ bí mo bá ń sáré ní ìwọ̀n kan náà, bí ẹni pé kò fẹ́ wọ jíà tó kẹ́yìn. Mo fi ìka pa ẹnu sáléńsà rẹ̀, eérú dúdú ló bo ìka mi. Ti ọkọ̀ mi gbẹ, àwọ̀ eérú ló ní. Iná ẹ́ńjìnnì orí dáṣíbọọ̀dù kò tàn rárá.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì, Òkè-Àró

Bàbá Ìbejì, ẹ kú àmójútó. Ohun tí ẹ kọ nípa ọ̀pá ìgbóná yẹn ti sọ ohun púpọ̀ fún mi. Ó ṣeé ṣe kí thermostat má sí nínú ọkọ̀ yẹn mọ́, tàbí kí ó wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kí ó ti há sí ipò ìṣísílẹ̀.

Thermostat ni ilẹ̀kùn kékeré tó wà lójú ọ̀nà omi láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, yóò wà ní títì kí omi lè máa yí po nínú ẹ́ńjìnnì nìkan, kí ó lè tètè gbóná. Ti Corolla yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí nígbà tí omi bá gbóná dé láàárín 80 sí 84 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lọ́dọ̀ wa níbí, bí ọkọ̀ bá ti gbóná jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa mẹkáníìkì ń kọ́kọ́ ṣe ni kí á yọ ọ́ dànù, kí á sọ fún oníbàárà pé ilẹ̀ òyìnbó tó tutù ni wọ́n ṣe é fún. Ó dùn mí pé a ṣì ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ wa báyìí. Ooru Àkúrẹ́, bó ti wù kí oòrùn mú tó, kì í sábà kọjá 35 tàbí 36. Ẹ́ńjìnnì nílò ju 80 lọ. Afẹ́fẹ́ ìlú wa kò lè gbé e débẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn ló ń gbé e débẹ̀.

Bí kò bá sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò máa rò pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, yóò sì máa da epo sí i gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá ṣíná ọkọ̀ ní kùtùkùtù. Ohun tí ẹ sọ nípa jíà náà bá a mu, nítorí pé nígbà tí omi bá ṣì tutù, kọ̀ǹpútà kì í jẹ́ kí jíà aládàáṣe tètè wọ ipò kẹrin, kì í sì í jẹ́ kí ó dè pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì tán. Ẹ́ńjìnnì yóò máa yí ju bó ti yẹ lọ lórí eré kan náà. Ẹ tún wo dáṣíbọọ̀dù bóyá iná O/D OFF ń tàn. Bí ó bá ń tàn, ẹnì kan ti tẹ bọ́tìnnì ara ọ̀pá jíà, ipò kẹrin kò sì ní wọlé rárá títí ẹ ó fi tún un tẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé nìyí. Ní àárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ ṣíná ọkọ̀ kí ẹ jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ níbi tó wà, ẹ sì máa fọwọ́ kan rọ́bà ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí thermostat bá wà tí ó sì dára, rọ́bà yẹn yóò wà ní tútù fún ìgbà pípẹ́, yóò sì wá gbóná lójijì nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Bí ó bá ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún bẹ́líìtì àti fáànù, ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná, nítorí omi yóò tú jáde pẹ̀lú agbára.

Rìwáyà, Ìlú Oǹdó

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo gba ti ọ̀gá mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un nípa iná ẹ́ńjìnnì tí Bàbá Ìbejì ní kò tàn. Kí iná má tàn kò fi hàn pé ara ọkọ̀ dá. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ipò tí gbogbo iná dáṣíbọọ̀dù fi máa ń tàn kí ẹ́ńjìnnì tó jí. Iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí gbogbo wọn bá tàn tí òun nìkan kò tàn, ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí kí ó ti lẹ nǹkan dí i. Mo ń rí i léraléra lára ọkọ̀ tí wọ́n tà fún àwọn oníbàárà mi.

Gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ojúhò tí a ń fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀, ní ìsàlẹ̀ dáṣíbọọ̀dù lọ́dọ̀ awakọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọn, kí wọ́n má kàn ka kóòdù nìkan, kí wọ́n tún ṣí ibi tí wọ́n ti ń rí iye ìgbóná omi nígbà tí ọkọ̀ ń rìn. Bí ó bá ń ṣe 60 sí 70 lójú ọ̀nà tó já, ọ̀rọ̀ ọ̀gá ti jóòótọ́. Kóòdù tó sábà máa ń bá a wá ni P0128, èyí tó ń sọ pé omi ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó bó ti yẹ. Níbẹ̀ náà ni kí wọ́n ti wo sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà níwájú, èyí tó ń wo èéfín tó ń jáde kí kọ̀ǹpútà lè mọ ìwọ̀n epo tí yóò dà, nítorí pé Iléeṣẹ́ Ètò Agbára ti Amẹ́ríkà sọ pé bí sẹ́ńsọ̀ yẹn bá bàjẹ́, títún un ṣe lè mú àǹfààní tó tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wá. Ẹ tún wo fáànù bóyá wọ́n ti so ó tààrà, tó fi ń yí ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà ní ṣíṣí. Àwọn tó máa ń yọ thermostat ló sábà máa ń ṣe èyí náà. Ó ń mú kí ẹ́ńjìnnì tutù sí i, ọ́tánétọ̀ tó ń pèsè iná mànàmáná ọkọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ tí kò yẹ kó ṣe.

Ní ti púlọ́ọ̀gì, ẹ yọ wọ́n wò kí ẹ tó rà tuntun. Ní ti fíltà afẹ́fẹ́, kí n sọ òótọ́: lára àwọn ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí epo wọn, fíltà tó dọ̀tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ sáré dáadáa, ṣùgbọ́n kì í sọ ọkọ̀ di ọ̀mu epo, nítorí pé kọ̀ǹpútà ń dín epo kù bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dín kù. Ayé àwọn ọkọ̀ oní-kabúrétọ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá.

Ìyá Elépo Pupa, Ọjà Ọba

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú làákàyè. Mo ní ìbéèrè tó sún mọ́ èyí. Matrix ọdún 2005 ni mo ń wà, wọ́n sì sọ fún mi nígbà tí mo fẹ́ rà á pé ẹ́ńjìnnì Corolla ló wà nínú rẹ̀, pé epo wọn yóò dọ́gba. Kò dọ́gba pẹ̀lú ti àbúrò mi tó ń wa Corolla. Mo ń fi í kó epo pupa láti Ìdànrè wá sí ọjà. Ṣé tèmi náà ní àrùn ni?

Olùkọ́ Físíìsì, Ọbà-Ilé

Màmá, ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín dàrú. Òótọ́ ni pé Matrix tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ń lo 1ZZ-FE bíi Corolla, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ ló ń pinnu epo. Matrix wúwo jù ú lọ díẹ̀, ó sì ga, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ tó ń gún un níwájú pọ̀ jù. Bí a bá ń rìn jẹ́jẹ́ ní ìgboro, èyí kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ọ̀nà tó já ló máa ń tú u fó, nítorí pé agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn máa ń pọ̀ ní ìlọ́po eré lọ́nà eré. Ẹni tó kúrò lórí 80 kìlómítà ní wákàtí kan bọ́ sórí 120 kò fi ìdajì nìkan kún un: agbára afẹ́fẹ́ yẹn ti di ìlọ́po méjì àti ìdá kan nínú mẹ́rin. Láti 80 sí 100 pàápàá, ó ti fi ju ìdajì lọ pọ̀ sí i.

Ẹrù náà wà níbẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì oní lítà 25 tó kún fún epo pupa jẹ́ nǹkan bí kìlógíráàmù 23. Iléeṣẹ́ Ètò Agbára ti Amẹ́ríkà fojú dá a pé ẹrù bíi kìlógíráàmù 45 ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kún epo tí ọkọ̀ ń lò, ó sì máa ń hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ lára ọkọ̀ kékeré. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá méjì. Àwọn òkè ọ̀nà Ìdànrè yẹn tún ń fi tiwọn kún un, pàápàá bí ẹ bá ń tẹ bíréèkì bí ẹ ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ wọn tiyín bí mo ṣe sọ fún Bàbá Ìbejì, lọ́jọ́ tí ẹ kò kó ẹrù. Bí kò bá ju lítà 9 sí 10 lọ fún 100 kìlómítà pẹ̀lú ìgboro díẹ̀, ẹ lọ máa bá òwò yín lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi èyí kún ọ̀rọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì, kí ohun tó fà á lè yé wa. Epo tí yóò jóná tán nílò afẹ́fẹ́ tí ìwúwo rẹ̀ tó ìlọ́po 14.7 ti epo náà, ìwọ̀n yìí sì ni kọ̀ǹpútà máa ń lépa nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, apá kan nínú epo kì í di gáàsì, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara irin, nítorí náà kọ̀ǹpútà ń fi epo kún epo kí iná má baà kú. Èyí tí kò jóná ló ń jáde di eérú dúdú tí Bàbá Ìbejì rí lẹ́nu sáléńsà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń wọ inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ó ń là á, èyí tó burú fún ẹ́ńjìnnì ju owó epo lọ.

Bàbá Ìbejì, Ìjàpò, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ará, mo padà dé pẹ̀lú èsì. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò fi hàn pé omi ọkọ̀ ìyàwó mi kò kọjá 66 lójú ọ̀nà tó já. Nígbà tí wọ́n tú ilé thermostat, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, gáàsíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi yí i ká. Gílóòbù iná ẹ́ńjìnnì náà kò sí níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí rìwáyà wa ṣe fura. A fi thermostat tuntun sí i, a fọ ojú ọ̀nà omi, a sì da coolant, ìyẹn omi àkànṣe tí a ṣe fún rédíétọ̀, sí i dípò omi ẹ̀rọ. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn kí n tó tún un wọ̀n, nítorí mo fẹ́ mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe. Ó bọ́ sí lítà 10.2 láti 12.1. Ọ̀pá ìgbóná ti ń dúró sí ibi tí tèmi ń dúró sí, ariwo ẹ́ńjìnnì yẹn sì ti lọ sílẹ̀.

Nítorí pé ó ṣì ju tèmi lọ, a wo táyà àti bíréèkì. Nígbà tí mo dé láti Ọ̀wọ̀, mo fọwọ́ sún mọ́ àwọn rímù, mo rí i pé ti iwájú lápá ọ̀tún gbóná débi pé n kò lè gbé ọwọ́ lé e, àwọn mẹ́ta yòókù kàn lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni. Kálípà rẹ̀, ìyẹn irin tó ń fún bíréèkì mọ́ ara ẹsẹ̀ ọkọ̀, ti há, bíréèkì náà ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn láìjẹ́ pé a tẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ inú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì kéré sí ohun tí wọ́n kọ sára ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Lẹ́yìn tí a tú kálípà yẹn, tí a fi gíríìsì sí àwọn pín-ìnnì rẹ̀, tí fọkanáísà sì fẹ́ táyà dé ìwọ̀n, ó wá sí lítà 37 fún máìlì 247, èyí tó jẹ́ lítà 9.3. Kí ló lè fa èyí tó kù?

Olùkọ́ Físíìsì, Ọbà-Ilé

Inú mi dùn gidigidi sí bí ẹ ṣe ń ṣe é ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní ti táyà, òdiwọ̀n tí Iléeṣẹ́ Ètò Agbára ti Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ni pé bí afẹ́fẹ́ bá fi psi kan (òṣùwọ̀n tí fọkanáísà fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà) dín kù, epo tí ọkọ̀ ń jẹ ń fi nǹkan bí ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, nítorí náà kálípà ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ rí yẹn. Ẹ bá mi ka nọ́ńbà ara táyà ọkọ̀ méjèèjì.

Bàbá Ìbejì, Ìjàpò, Àkúrẹ́

Tèmi jẹ́ 195/65R15. Ti ìyàwó mi jẹ́ 205/65R15.

Olùkọ́ Físíìsì, Ọbà-Ilé

Ó ti hàn. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìbú táyà ní mìlímítà, èkejì ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìdá ọgọ́rùn-ún ìbú náà, 15 sì ni ìwọ̀n rímù ní íǹṣì. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, táyà tiyín ga tó mìlímítà 634.5 láti ilẹ̀ dé òkè, ti màdáámú jẹ́ 647.5. Táyà tó tóbi yẹn ń lọ jìnnà ju bó ti yẹ lọ ní yíyí kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n mítà kò mọ̀. Yíyí ló ń kà. Bí ọkọ̀ wọn bá rin 102 kìlómítà, 100 ni mítà yóò sọ. Bí ẹ bá fi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún yẹn kún ọ̀nà tí wọ́n rìn, lítà 9.3 yín yóò di nǹkan bí 9.1. Ìdajì lítà tó kù sí ti ọkọ̀ yín kò yẹ kó dà yín láàmú láàárín ọkọ̀ méjì tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá lójú títì, tí ẹ́ńjìnnì wọn ti gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbó. Táyà tó fẹ̀ díẹ̀ náà ń gba agbára díẹ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ra òmíràn, kí wọ́n ra ìwọ̀n tó wà lára ẹnu ilẹ̀kùn.

Awakọ̀ Ọ̀nà Ọ̀rẹ̀

Mo ti ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yín láti ọjọ́ yìí. Mo fọwọ́ kan rọ́bà ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ ọkọ̀ tèmi láàárọ̀ yìí, ó ń gbóná díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dájú pé wọ́n ti yọ tèmi náà. Ọ̀gá mẹkáníìkì, ìbẹ̀rù mi ni pé bí mo bá dá a padà, kí ọkọ̀ má lọ gbóná jù pẹ̀lú èrò nínú rẹ̀ ní àárín Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀gá Mẹkáníìkì, Òkè-Àró

Ìbéèrè tó dára ni, nítorí pé ẹni tó yọ ọ́ lè ti yọ ọ́ láti fi bo àrùn mìíràn mọ́lẹ̀. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ rédíétọ̀ wò bóyá ìpẹtà ti dí i nínú, kí wọ́n rí i pé fáànù ń jí fúnra rẹ̀ nígbà tí omi bá gbóná, pé ẹ̀rọ tó ń ti omi kò jò, àti pé ìdérí rédíétọ̀ ṣì ń di agbára mú. Bí ẹ bá ti ń lo omi ẹ̀rọ lásán fún ọjọ́ pípẹ́, ẹ fọ gbogbo rẹ̀ jáde kí ẹ sì da coolant sí i. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá thermostat tí ẹ rà dára, ẹ gbé e sínú ìkòkò omi lórí iná kí wọ́n tó fi í sínú ọkọ̀: yóò wà ní títì nígbà tí omi bá tutù, yóò sì ti ṣí kí omi tó hó. Èyí tí kò bá ṣí, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fi í sí i, kí wọ́n lé afẹ́fẹ́ inú omi jáde tán, kí ẹ sì wa ọkọ̀ náà yí ìgboro ká láìkó èrò, kí ẹ máa wo ọ̀pá ìgbóná. Bí ó bá dúró sí ìtòsí àárín nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ọba Adésídà pẹ̀lú éésì, ẹ lè gbé e lọ sí Ọ̀rẹ̀.